Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń tà n'Iléṣà: ṣé kí n yá owó gba ìsọ̀ ńlá?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń ta aṣọ iṣẹ́ n'Iléṣà: ófáróòlù, bàtà onírin níwájú, ìbọ̀wọ́, àkẹtẹ̀ iṣẹ́, jákẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mànà lóru. Ìsọ̀ mi kò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí lọ. Mo kà nípa Carhartt, ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ iṣẹ́, bí ọkùnrin kan ṣe fi ẹ̀rọ ìránṣọ méjì péré bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ wá kárí ayé. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mo wà fẹ́ yá mi ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Mo fẹ́ fi gba ìsọ̀ ńlá lójú títì, kí n kó ọjà kún un. Àbúrò bàbá mi ní kí n má ya wèrè, pé ta ló ń fi owó gidi ra aṣọ tí epo máa bàjẹ́, kí n lọ máa ta léèsì. Ìyàwó mi ò tíì sọ nǹkan kan. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé kí n máa tà láwìn? Gbogbo mẹkáníìkì ló ń bẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣé kí n dá ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n máa rán tèmi?

* * *

Ìdáhùn

Àbúrò, má yá owó yẹn. Jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná kí n tó jókòó.

Mo ti ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè rẹ. Àwọn kan ní kí o gbà á, pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn kan ní kí o sá fún gbèsè, pé ìlú le. Kò sí ẹni tó bi ọ́ léèrè àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ. Ibẹ̀ lèmi fẹ́ gbà wọlé.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí òwò yìí. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, mi ò ní ìsọ̀. Ófáróòlù mẹ́jọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo dì wọ́n sínú àpò Ghana-must-go, mo gbé e rù, ó di ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ, torí ọjọ́ yẹn lọ̀gá ń fún ọmọṣẹ́ lówó. Bí mo bá lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwàdà ni wọ́n á fi mí ṣe. Nínú oòrùn yẹn ni mo ti rí i pé riwáyà kì í wọ ófáróòlù dókè. Bí ooru bá mú, á bọ́ apá rẹ̀ wálẹ̀, á so ó mọ́ ìdí bí ìyá ọlọ́mọ. Nítorí náà, èyí tí ìdí rẹ̀ bá há, kò lè rà á, bó ti wù kó lówó tó. Ta ni ì bá sọ ìyẹn fún mi ká ní ẹ̀yìn kántà ni mo jókòó sí?

Ìsọ̀ tí èèyàn méjì lè dúró sí ti ju àpò mi lọ.

Ní ti àbúrò bàbá rẹ, ẹ bá mi kí wọn. Kí kákí tó dé, kí làwọn baba wa ń wọ̀ lọ sóko? Kíjìpá ni, aṣọ tó ki, táwọn ìyá wa ń hun nínú ilé. Wọ́n máa ń pa á lówe pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, ọ̀fì laṣọ àgbà. Èmi ò gba òwe yẹn gbọ́ láti kékeré. Ọ̀lẹ wo ló ń wá aṣọ tí ẹ̀gún ò lè fà ya? Ìyá mi ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ó ní nítorí pé kíjìpá kì í gbó, ọ̀lẹ á rà á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà òmíràn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ láyé ìgbà yẹn náà, wọ́n ń fowó gidi ra aṣọ tí ẹrẹ̀ máa bàjẹ́. Bí epo bá ba aṣọ oníṣẹ́ jẹ́, ó ń padà wá ra òmíràn. Léèsì ńkọ́? Ẹni tó rà á ní Kérésì, inú àpótí ló ń tọ́jú ẹ̀ sí.

* * *

Ọ̀rọ̀ Carhartt

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yáwó ló máa ń sọ ìtàn ẹ̀rọ méjì yẹn, wọn kì í sì í sọ ọ́ tán.

Òótọ́ ni. Lọ́dún 1889, nílùú Detroit, Hamilton Carhartt bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ẹ̀ńjìnnì iná kékeré kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlàjì agbára ẹṣin, àti òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọjà ò kọ́kọ́ tà. Ìgbà tó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tó bi wọ́n léèrè irú aṣọ tí wọ́n fẹ́, ni nǹkan tó yí padà. Ohun tí wọ́n sọ ló rán: ófáróòlù tó bo àyà, tó ní okùn léjìká, tó lágbára.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó kù. Ọkùnrin yìí gbòòrò. Ó ní ilé ìhunṣọ tirẹ̀ ní South Carolina àti Georgia, ó ní ilé iṣẹ́ títí dé Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, owó òwú já wálẹ̀ gbì. Kò pẹ́, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1929. Ilé iṣẹ́ tó kún ilẹ̀ káàkiri wá ṣẹ́ ku ìwọ̀nba. 1937 ni òun àtìyàwó rẹ̀ kú nínú ìjàmbá ọkọ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ ló rọra gbé e dìde padà, ìdílé ló sì ni ín di òní. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fi Carhartt ṣe àpẹẹrẹ, fi gbogbo rẹ̀ ṣe, má mú ibi ẹ̀rọ méjì nìkan.

Ó yá, ìwọ wá dá mi lóhùn. Ṣé o mọ ìdí tí o kò fi gbọ́dọ̀ ta aṣọ pọlisítà fún wẹ́dà? Iná iṣẹ́ ń ta sí i lára nígbà gbogbo. Bí iná bá bà lé òwú, ó lu ihò. Bó bá bà lé pọlisítà, aṣọ á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Mo ti rí apá ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé wọ́n fi omi gbígbóná rẹ aṣọ kúrò níbẹ̀ ni. Òwú ni wẹ́dà, kó ki.

Ó dáa. Ẹni tó ń cháàjì bátìrì ńkọ́? Bí o bá ta òwú kan náà fún un, o ti ṣe é níbi. Omi bátìrì ń jẹ òwú bí ikán ti ń jẹ pákó. Á fọ aṣọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á ká a látorí okùn, ihò á kún inú rẹ̀. Pọlisítà ló bá ti ẹ̀ mu. Ẹ rí i báyìí, "aṣọ tó dára" tí gbogbo yín ń pariwo rẹ̀, ta ló dára fún?

Ẹni tó ń kun ọkọ̀ kò fẹ́ bọ́tìnì irin níwájú. Bó bá fara ti ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó ha á, ó di pé kó tún kùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Bíríkìlà kò fẹ́ àpò tó la ẹnu sókè, torí sìmẹ́ǹtì á kún un. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ta epo nílé epo kò fẹ́ ófáróòlù alápapọ̀ rárá, bí ọ̀gá wọn tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú wọn ló là mí lójú: ó ní kí n ronú bí òun ṣe máa dé ilé ìtọ̀, tóun máa bọ́ gbogbo aṣọ lọ́rùn kóun tó lè tọ̀, ilẹ̀kùn ibẹ̀ náà ò sì ní kọ́kọ́rọ́. Látọjọ́ náà, ẹ̀wù lọ́tọ̀, ṣòkòtò lọ́tọ̀ ni mo ń tà fún ilé epo. Ọ̀gá ilé epo mẹ́ta ló ti yí padà sọ́dọ̀ mi nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀.

* * *

Àwìn

Ibi ìjà dé. Ẹnì kan kọ ọ́ síhìn-ín pé àwìn ló pa òwò ìyá òun. Ẹnì kan ní òun ti kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀ pé "Kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la." Ẹlòmíràn sọ pé oníbàárà tó bá bèèrè àwìn, olè ni.

Iléṣà lẹ wà tẹ́ ẹ ń bú àwìn! Ìlú wo lẹ rò pé àwìn kọ́?

Lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí ọ̀nà là, àwọn baba wa gbé aṣọ lérí, wọ́n gba ọ̀nà oko lọ. Títí di ìgbà tí owó kòkó fi dáa, wọ́n wà ní gbogbo abúlé, láti Èkìtì dé Àkókó, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á kó aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, wọ́n á tà á fún àgbẹ̀ láwìn, wọ́n á máa padà lọ gba owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ san, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé rẹ̀: "Òṣó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá, òṣómàáló. Àwọn ará ibòmíràn ń fi bú wa di òní. Wọ́n á ní Ìjẹ̀ṣà tí kì í ra ìṣáná, tó ń múná látilé lọ sóko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé gbogbo ìgbésí ayé wọn ni wọ́n fi lóṣòó. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní láàárín ọdún kan, bóyá àwọn lóṣòó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹni tó ń lóṣòó lójoojúmọ́ kò mọ ẹni tó ń tajà fún. Àwọn kì í tú ẹrù ní abúlé tuntun kí wọ́n tó mọ ilé tí àwọn máa sùn sí. Bàbá onílé yẹn ló ń sọ fún wọn pé lágbájá ní oko, tàmẹ̀dò ní ẹnu. Wọ́n á bèèrè kòkó kí wọ́n tó yọ aṣọ. Wọ́n sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà wá, kì í yẹ̀. Òjò ì báà rọ̀, bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n dá, ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ ó rí wọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kì í gbàwìn lọ́wọ́ mi, ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbà á fún un, èmi àtọ̀gá sì jọ mọra. Owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tó ìlàjì. Èyí tó kù, ₦2,000 ní gbogbo Sátidé, n ó dé ibẹ̀ fúnra mi, ìwé mi lọ́wọ́. Mi ò ránmọ níṣẹ́ owó. Láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá, ẹni méjì péré ló sá. Ọ̀gá ẹnì kan san án, ọ̀gá ẹnì kejì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti yọ ọ̀gá yẹn kúrò nínú ìwé mi, gbogbo ọgbà ló sì mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tówó mi ti kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kọngílá kan wá, ọkọ̀ tó gbé wá ń dán. Ó ní iṣẹ́ títì lòun ń ṣe, òun fẹ́ ọgọ́ta ófáróòlù, kí n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ òun sẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ó fún mi ní ìwé ẹlẹ́píò, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń bèèrè ọjà, òǹtẹ̀ méjì ló wà lára rẹ̀. Owó á dé lọ́sẹ̀ méjì, ó ní. Èmi tí mi ò jẹ́ fún ọmọṣẹ́ láṣọ kan láìgba ìlàjì, mo kó ọgọ́ta fún un láìgba kọ́bọ̀, nítorí òǹtẹ̀.

Oṣù mọ́kànlá. Láàárín rẹ̀ ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ófáróòlù tí mo kó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, nígbà tí owó dé, ó ti wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Wọ́n san iye tó wà nínú ìwé, kò dín kọ́bọ̀ kan, òótọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n owó ọgọ́ta aṣọ kò ra ọgbọ̀n mọ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn nígbà mẹ́fà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jókòó síwájú géètì, mo ní òṣó ni mà á ló lónìí. Máígàádì gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi mu, ó ní "Mọ́mì, ẹ má bínú, Ọ̀gá ò sí nílùú." Kí ni mo fẹ́ fi ojú máígàádì ṣe? Òun gan-an, wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì.

Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni èrò mi lórí àwìn. Ẹni tí o mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó máa tijú bí ó bá rí ọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tà fún un. Géètì kò lójútì. Ilé iṣẹ́ tó bá wá, gba ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kí o tó gbé abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Èyí yàtọ̀ sí bí gbogbo ayé ti ń ṣe é: ọmọṣẹ́ ni wọ́n ń lé, ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún.

* * *

Ẹni tó ní ìtìjú ti kú

Ìwọ tó kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè pé ìtìjú ti kú, mo rí ohun tí o kọ. O ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í tijú mọ́, wọ́n á pa síìmù rẹ́, wọ́n á kọjá sí Èkó. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀gá ni kí o dì mú. Ọmọ lè sá, ṣùgbọ́n ọgbà mẹkáníìkì kì í kó lọ. Bí ọgbà náà bá sì kó lọ, àwa méjèèjì mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀ sí ìlú.

* * *

Wúrà

Àwọn mẹ́ta ti sọ pé kí o gbé ìsọ̀ rẹ lọ sí ọ̀nà Ìpérindó, pé ibẹ̀ ni wúrà wà. Ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá kọ́kọ́ yọ wúrà ní oṣù keje 2021, gbogbo wa gbọ́ ọ, gbogbo wa lálàá. Èmi náà kó bàtà onírin méjìlá lọ́dún yẹn.

Ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í rìn wọ ìsọ̀ bíi tiwa láti ra bàtà kọ̀ọ̀kan. Ọjà tiwa wà lẹ́yìn wọn: awakọ̀ típà, wẹ́dà tó ń tún bọ́ọ̀dì típà ṣe, fọkanáísà, ẹni tó ń gbẹ́ kànga, àwọn tó ń kọ́lé fáwọn tówó dé ọwọ́ wọn. Bàtà méjìlá yẹn tà, ó gba oṣù mẹ́sàn-án. Kò sí ọ̀kan tí awakùsà rà nínú rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ nínú igbó, inú omi ni wọ́n wà látàárọ̀. Bàtà onírin á gbomi, á wúwo, á rà. Bàtà rọ́bà gígùn ni wọ́n ń wá. Àmọ́ ṣáájú kí o tó máa tẹ̀lé wọn, rántí pé àwọn wọ̀nyí kì í pẹ́ lójú kan. Kò sí ọjọ́ kẹtàdínlógún fún ẹni tí o kò mọ ibi tó sùn.

* * *

Rírán tàbí ríra

O bèèrè bóyá kí o dá ẹ̀rọ sílẹ̀ kí o máa rán tìrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "Bẹ́ẹ̀ ni, kó dá a sílẹ̀," ṣé ẹ ti gba télọ̀ síṣẹ́ rí?

Lọ́dún 1853, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Levi Strauss dé San Francisco, ó ń ta aṣọ fáwọn alágbàtà. Kò ránṣọ. Télọ̀ kan wà ní Reno, Jacob Davis, tó ń ra aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan ní kí Davis bá òun rán ṣòkòtò fún ọkọ òun tó ń gé igi, kó rán èyí tí kò ní í ya. Davis wá fi ìṣó bàbà kéékèèké kan etí àpò, níbi tó ti máa ń kọ́kọ́ fà ya. Ṣòkòtò yẹn tà débi pé ẹ̀rù bà á kí wọ́n má jí i kọ́. Kò lówó láti gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó bá kọ̀wé sí Strauss. Àwọn méjèèjì jọ gbà á ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún 1873. Oníṣòwò dúró sídìí òwò, télọ̀ dúró sídìí abẹ́rẹ́.

Bí èmi náà ti ṣe é nìyẹn. Mi ò ra ẹ̀rọ kankan. Mò ń ra kákí ní bọ́ńdù, mò ń gbé e fún télọ̀ kan ní Òkèsà, iye tó bá rán ni mò ń san. Àdéhùn wa ni pé ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó rán an, torí ibẹ̀ laṣọ ọmọ mẹkáníìkì ti ń kọ́kọ́ ya nígbà tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá ya kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ni yóò tún un rán. Láti ọdún tí a ti jọ dá àdéhùn yẹn, ó ti tún mẹ́rin rán.

Àmọ́ má retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ látoṣù kọkànlá. Ìwúdé àti Kérésì ti gbà á, aṣọ ẹbí ti kún orí rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni kó ti parí tìrẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ lo máa lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà télọ̀.

* * *

Òkìríkà, àti ará Ifẹ̀ tó ń pariwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi òkìríkà dẹ́rù bà á, kò le tó bí ẹ ṣe ń sọ. Òfin kò gbà kí wọ́n kó o wọ Nàìjíríà, ó sì kún ọjà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ófáróòlù òkìríkà lágbára, ó sì pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gùn bí òpó ni wọ́n rán an fún, ọmọ wa á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọmọṣẹ́ kan wà tí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ kún fún èdè Jámánì, ọ̀gá rẹ̀ ti ń bi í láti ọdún méjì pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní àdúrà ni. Má bá òkìríkà jà. Ẹni tó bá rà á lónìí, bó bá di ọ̀gá, á fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa wá ọ wá.

Ìwọ ará Ifẹ̀ tó ní kí àbúrò wa kó ẹrù wá sí Lágéré nítorí OAU, mo kí ọ. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ yín lojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tó ń ta kóòtù funfun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọ̀ wọ làbù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó fi gbogbo owó rẹ̀ kó o, pé àwọn ọmọ tuntun ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò padà títí di oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni kóòtù fi wà nínú ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí eyín amutábà. Ohun tó yọ ọ́ ni ilé búrẹ́dì àtàwọn onísọ̀ oògùn, tó lọ ń kó o kiri fún. Di òní, àwọn ilé búrẹ́dì yẹn ló ń rà jù. Ẹ wò ó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni aṣọ iṣẹ́ wà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ra ẹyọ kan, ó tán.

* * *

Ká padà sórí ìsọ̀ ńlá

A ti rìn jìnnà, mo mọ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Japan tó ń jẹ́ Workman. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń tà fáwọn kọ́lékọ́lé láti 1980, ìlú Isesaki ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, wọ́n ṣí irú ìsọ̀ tuntun kan, Workman Plus. Ọjà inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun, ohun tó wà nínú ìsọ̀ àtijọ́ náà ni. Bí wọ́n ṣe tò ó, iná tí wọ́n tàn sí i, ère tí wọ́n fi aṣọ wọ̀, ni wọ́n yí padà. Àwọn apẹja, àwọn tó ń gun alùpùpù, àwọn obìnrin tí kò wọ ìsọ̀ àtijọ́ yẹn rí, bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé.

Àbúrò, báwo lo ṣe to tìrẹ? Mo fẹ́ tẹ́tẹ́ pé ófáróòlù wà lókè kan, bàtà wà nísàlẹ̀ kan, ìbọ̀wọ́ wà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni ò rí. Tò ó bí iṣẹ́ ṣe wà. Igun wẹ́dà: òwú tó ki, ìbọ̀wọ́ awọ, awò ojú. Igun ọlọ́kadà: aṣọ òjò, jákẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mànà, bàtà rọ́bà. Ẹni tó wá ra ìbọ̀wọ́ á rí gbogbo ara rẹ̀ níbẹ̀. Gbé dígí tó dé ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Má rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì fẹ́ràn láti wo ara rẹ̀ ju ìyàwó tuntun lọ, kò kàn sí ẹni tó fún un ní dígí rí ni.

Gbogbo èyí kò ní gbà ju ₦90,000 lọ lọ́wọ́ rẹ. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ yẹn, ìsọ̀ ńlá á jẹ ẹ́ nínú owó ilé ọdún kan àti kọ̀míṣọ̀n ẹlẹ́jẹ́ńtì, kí ọjà tó dé. Tó o bá gbọdọ̀ gbà nínú rẹ̀, gba ₦400,000, fi kó kákí.

* * *

Oníbéèrè padà dé

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì gba owó yẹn. Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ohun tẹ́ ẹ sọ náà ló sọ, àmọ́ ó fi èébú kún un. Mo lọ sí ọgbà mẹkáníìkì lọ́jọ́ Sátidé, mo ta mẹ́ta, ẹyọ kan lówó, méjì láwìn, ọ̀gá wọn ló dúró fún wọn. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà kan ní òun máa ra mẹ́fà tí mo bá lè bá òun ṣe àpò sí itan ọ̀tún fún òòlù. Ṣé kí n gbà? Àti pé, mo gbàgbé bèèrè: kí ni mo máa ṣe bí Sátidé bá dé tí òjò ń rọ̀?

* * *

Ìdáhùn

Gbà á, ṣùgbọ́n bi í léèrè ọwọ́ tó fi ń lo òòlù kí o tó gé aṣọ. Ọ̀tún tí wọ́n ń sọ, nígbà míì ọ̀tún ẹni tó dojú kọ wọ́n ni. Kí télọ̀ fi aṣọ ìlọ́po méjì ṣe ìdí àpò yẹn, òòlù wúwo. Gba owó mẹ́ta sílẹ̀ nínú mẹ́fà.

Bí òjò bá ń rọ̀, wọ aṣọ òjò tí ò ń tà, kí o lọ. Ẹni tó rí i lára rẹ, tí aṣọ inú rẹ gbẹ, á bi ọ́ ní iye tó jẹ́.